Kílò Mẹ́fà Tí O Yọ Kúrò Lára Mi

Tchaourou,
Ọjọ́bọ̀, 13 Mars 1958.

Sí Souradjou, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo yín kú ooru. Ara wa le níbí. Bí ìwé yìí bá bá ọ ní àlàáfíà ní Savè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣé o ṣì ń bá wọn wọn ẹrù ní ibùdó rélùwéè, àbí o ti di ọ̀gá tí kì í dìde lórí àga mọ́?

Àwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà báyìí ni mo máa ń rántí ọdún 1949, tí Katọ́ọ̀sì Juliyé, ọdún àwọn Faransé, bọ́ sí àárín àwẹ̀. Ǹjẹ́ o rántí bí kọmándàn, òyìnbó alákòóso wa, ṣe ní kí àwa àti àwọn ará Tchatchou ja ìjàkadì, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ìwúwo so ènìyàn pọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe nílùú tirẹ̀? Wọ́n kó wa lọ sórí òṣùwọ̀n òwú ní ibùdó rélùwéè, lẹ́ẹ̀kan kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀kejì ní àárọ̀ ọjọ́ ìjà. Ìwọ tó mọ̀wé ni o ń ka nọ́ńbà. Ayé dùn nígbà náà o! Gbogbo ìlú tú jáde, àwọn ọ̀dọ́ Tchatchou ń kọrin bú wa, àwa náà ń bú wọn padà. Bí mo bá pa ojú dé, mo ṣì ń gbọ́ òórùn koríko tútù ibi tí a ti jà.

Ààfáà Chérifou jókòó ti òṣùwọ̀n náà. Bí o bá ti ka nọ́ńbà tó wálẹ̀, á ní, "Alihamudulilahi, àwẹ̀ rèé!" Kílò méjì, kílò mẹ́ta, kò sẹ́ni tí kò rù. Ó wá kàn mí. Mo ti ń jẹun láti ọjọ́ kẹrin àwẹ̀, nínú ahéré wa lọ́nà Bétérou. Èrò mi ni pé ẹni ebi ń pa kò lè jà. Àgbàdo tútù sísè àti wàrà àwọn Fúlàní ni mo ń jẹ lọ́sàn-án gangan, n ó sì nu ẹnu wálé. Kílò méjìdínláàádọ́rin ni mo jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rí i tí òṣùwọ̀n lọ sí àádọ́rin. Ọwọ́ Ààfáà yìí kan náà ni mo ti fẹ́ tọrọ Hawaou, ọmọ rẹ̀. O wo òṣùwọ̀n, o wò mí, o sì kígbe pé, "Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta!"

Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi so mí pọ̀ mọ́ Bachirou ará Alafiarou tó ń jà fún Tchatchou, ọmọ tín-ín-rín tó ti ń gbààwẹ̀ láìyẹ ọjọ́ kan. Mo ní n ó gbé e bí ẹní gbé ìdì igi. Mo rọ́ lù ú, ó yẹ̀. Mo tún rọ́ lù ú, àgbàdo tí mo jẹ ti mú ara mi wúwo. Òun kò yára, kò fi agbára kankan ṣòfò. Ìgbà tí mo ń mí helehele ló kó mi lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn mi sì lu ilẹ̀ gbì! Oúnjẹ tí mo torí rẹ̀ ṣẹ̀ kò ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Àbí o gbàgbé ohun tí Ààfáà sọ? Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara mi dànù, ó ní, "Ẹ wo ọmọ tó gbààwẹ̀ débi pé ó ṣubú." Kí iléyá tó dé, ó ti fún mi ní Hawaou. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọdé, mo sì ń dákẹ́. Mo fẹ́ràn ìyàwó mi, Souradjou, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Kọmándàn tuntun ti dá ìjàkadì àwa àti Tchatchou sí Ọjọ́ Àìkú kejì nínú àwẹ̀ tó ń bọ̀. Rachidi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ni olórí àwọn mọ́kànlá tí yóò jà fún wa. Lánàá ó bá mi níwájú ilé, ó ní, "Tonton, àwa ò ní gbààwẹ̀ lọ́sẹ̀ ìjà yẹn o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lágbára tó yẹn, ṣebí àwẹ̀ ló gbé yín ṣubú." N kò lè jẹun mọ́ lẹ́yìn tó lọ. Ọmọ mọ́kànlá ló fẹ́ jẹ àwẹ̀ nítorí irọ́ èmi àti ìwọ. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a.

Nítorí náà, lọ́la lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo fẹ́ dìde ní mọ́sálásí kí n sọ bó ṣe jẹ́. N kò ní dárúkọ rẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó ka nọ́ńbà. Jọ̀wọ́, forí jì mí. Àánú ni o ṣe mí lọ́jọ́ yẹn, n kò gbàgbé. Hawaou kò tíì gbọ́. Òun ni mo bẹ̀rù jù.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí láti gba àwẹ̀ yìí, kí ó sì gbà á lọ́wọ́ wa. Kí irin rélùwéè má pa ọ́ lára, kí ayọ̀ má tán nílé rẹ. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Amidou.

Àfikún, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Ọkọ̀ tí ìbá gbé lẹ́tà yìí wá ti kọjá, inú àpò mi ló ṣì wà. Èmi ni mo dì í mú, kí o má baà kọ̀wé pé rárá. Mo ti sọ ọ́. Àwọn kan ní kí wọ́n pe ẹni tó ka nọ́ńbà wá. Ààfáà ní ẹni tó jẹun ni kó jẹ́jọ́. Ó ní lẹ́yìn ọdún àwẹ̀, kí n fi àwẹ̀ ọgọ́ta ọjọ́ léraléra bẹ̀rẹ̀ ìtanràn àwọn ọjọ́ tí mo jẹ. Rachidi àti àwọn tirẹ̀ yóò gbààwẹ̀. Wọ́n ní ohun tí Bachirou ṣe kò ju àwọn lọ. Ṣùgbọ́n Hawaou kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Á gbé oúnjẹ kalẹ̀, á yí ẹ̀yìn padà. Láàárọ̀ yìí ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìdí àdògán, kò wojú mi: "Ọgọ́ta ọjọ́ yẹn, ta ni yóò máa jí dáná sààrì fún yín?" Mo jókòó síbẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé.