Olùkọ́ Adéwọlé Adékọ̀yà àti Ìsìn Aago Méje (1957–2024)

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1957, ní ìlú Òdogbolú nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni a bí bàbá wa, Olùkọ́ Adéwọlé Adékọ̀yà, sínú ìdílé Pa Josaya Adékọ̀yà, káfíńtà tó kan ìdajì àga inú ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà. Ìyá àgbà, Wàsílátù, ń hun ẹní tà. Ilé Mùsùlùmí ni ìyá àgbà ti wá, wọn kò sì fi ààwẹ̀ sílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọkọ wọn gan-an ló máa ń jí wọn jẹ sààrì. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ti kọ́ pé ẹ̀sìn kì í ṣe ohun àríyànjiyàn. Àwa ọmọ ló ń kọ ìtàn yìí. Ìyanuolúwa ló di kálàmù mú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni, Màmá wa sì ti kà á kó tó dé ilé ìtẹ̀wé.

Òdogbolú ni wọ́n ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti 1963. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1976, wọ́n fi owó oṣù rán ara wọn lọ sí yunifásítì, wọ́n sì gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò ní 1984. Wọ́n fẹ́ràn ìṣirò nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń wí, ìdáhùn rẹ̀ kì í wojú ẹnikẹ́ni. Wọn kò fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní máàkì tí kò tọ́ sí i rí. Máàkì mọ́kàndínlógójì ni Ìtẹ́olúwa, àkọ́bí wọn, gbà lábẹ́ wọn nínú ìdánwò kan, ogójì sì ni àtiyege. Wọn kò fi ẹyọ kan kún un. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá fi ń bá wọn ṣe fàpájánú nílé.

Ní oṣù Kejìlá 1989 ni wọ́n gbé Rónkẹ́, aránṣọ ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, níyàwó. Màmá wa nìyẹn. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1999, ìjọba àpapọ̀ gbé wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Port Harcourt. Wọ́n fi wá sílẹ̀ ná kí wọ́n lè wá ilé. Wọn kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Yàrá àwọn olùkọ́ ni wọ́n sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọjọ́ Àìkú kẹrin, wọ́n ń rìn kiri ní ẹ̀bá Creek Road Market nígbà tí wọ́n gbọ́ orin Yorùbá láti inú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Bẹ́tẹ́lì. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n sunkún. Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ti ń ba àwọn kí orí àwọn má dàrú láàárín èrò tí kò mọ orúkọ àwọn.

Ìsìn aago méje òwúrọ̀ lédè Yorùbá ni wọ́n bá pàdé yẹn. Nígbà náà, èrò ibẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ: òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì, òṣìṣẹ́ báńkì, ọlọ́pàá, sójà, kọ́sítọ́ọ̀mù. Ní 2002 wọ́n fi Bàbá ṣe oníwàásù ìsìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe àlùfáà. A ti kó wá bá wọn ní àdúgbò Elekahia nígbà náà, Màmá sì ń rán yunifọ́ọ̀mù ní ọjà Mile One. Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá ń kọ́ àwọn ọmọ oníṣòwò Mile One ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn tó ti di ẹnjiníà nínú wọn kò sì yé pè wá láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé Bàbá ti lọ. Port Harcourt ni a bí Ìmísíolúwa, àbíkẹ́yìn wa, sí. Yorùbá rẹ̀ kò dán mọ́rán títí dòní. Bí Bàbá bá fi Yorùbá bá a wí, Pijin ni yóò fi tọrọ àforíjì.

Ní 2007, ìbọn dún ní àdúgbò ṣọ́ọ̀bù Màmá, ọta kan sì wọ ara ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Bàbá kó wa lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní lẹ́yìn ọdún méjì péré ni àwọn yóò tẹ̀lé wa. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló dà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n pa ilé tì. Ní alaalẹ́, wọ́n ń pè kí a jọ gbàdúrà lórí fóònù, wọ́n á sì béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ọlidé ni wọ́n ń wọ mọ́tò wálé, tàwọn ti àpò ìṣáwùrú tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í jẹ. Wọ́n á sè é, wọ́n á dá nìkan jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n máa bọ̀ pátápátá, wọ́n á ní ó ku díẹ̀.

Ní oṣù Kẹta 2017 wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Màmá kun yàrá lọ́dà, wọ́n ra bẹ́ẹ̀dì tuntun. Bàbá wá, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n padà. Inú bí wa. Ìtẹ́olúwa pè wọ́n, ó béèrè bóyá ìsìn yẹn ni wọ́n bí, tí kì í ṣe àwa. Ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí di òní: “Ẹnì kan lè dé ìlú yìí lọ́la tí kò mọ ẹnikẹ́ni, bí èmi náà ṣe dé. Tó bá bá ilẹ̀kùn ní títì ńkọ́? Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò máa ṣí i, màá wálé lọ́jọ́ kejì.” A kò wá ẹnikẹ́ni.

Èrò ń dín kù. Àwọn iléeṣẹ́ ń kó òṣìṣẹ́ wọn lọ sí Èkó, ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sì ni àwọn ọmọ tó kù ń lọ. Ìgbìmọ̀ ìjọ pàṣẹ pé ìsìn tí kò bá ti ní ènìyàn méjì, kí a pa á rẹ́, kí a fi yàrá rẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Ní 2020, Bàbá Akínkúnlé, kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun àti Bàbá nìkan jọ ṣẹ́ kù, padà sí Ìkàrẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Bàbá kò sọ fún wa. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Màmá ní aago méje òwúrọ̀ gbogbo ọjọ́ Àìkú, pé kí Màmá kàn máa fetí sí ìsìn. Màmá rò pé àárò ilé ló ń sọ wọ́n. Màmá á gbé fóònù sórí tábìlì ìdáná, wọ́n á máa gé àlùbọ́sà; nígbà mìíràn wọ́n á jáde lọ fa omi, ìwàásù á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí wọ́n tó wọlé.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá 2024, fóònù kò dún. Màmá rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Wọ́n ní kí a kọ ọ́ síbí pé inú àwọn tilẹ̀ dùn díẹ̀ pé àwọn rí àyè sinmi. Boma, obìnrin ọmọ Kalabari tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì Bẹ́tẹ́lì, ló rí i pé ẹnikẹ́ni kò ṣí yàrá náà. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Elekahia, ó sì bá Bàbá lórí ibùsùn, wọ́n ti jáde láyé, ẹ̀wù funfun tí wọ́n ti lọ̀ sílẹ̀ wà lórí àga. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni wọ́n.

Lọ́jọ́rú, Màmá àti àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ kó ẹrù wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. A bá ìwé tí wọ́n ń kọ iye èrò ìsìn sí. Láti ìgbà tí Bàbá Akínkúnlé ti lọ, iye kan náà ni gbogbo ọjọ́ Àìkú: méjì. Boma ti sọ fún wa pé Bàbá nìkan ló kù, ó sì dun Ìtẹ́olúwa wọra. Bàbá tí kò lè fi máàkì kan kún tirẹ̀, ṣé wọ́n wá ń purọ́ nínú ilé Ọlọ́run ni? Boma ló dá a lóhùn: “Oga no lie. Na Mama be number two. E dey put phone for that front bench, make Mama dey hear.” Màmá lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n béèrè pé: “Kí ló dé tí Bàbá Ìtẹ́ ò sọ fún mi? Ǹ bá jókòó.”

A ti bi ara wa ní ìbéèrè náà léraléra. Ó dà bíi pé Bàbá mọ̀ pé bí àwọn bá sọ ọ́, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì ní kí wọ́n tilẹ̀kùn kí wọ́n máa bọ̀ wálé. À bá sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n ti pa ìsìn náà rẹ́ báyìí, àwọn ọ̀dọ́ sì ti gba yàrá. A kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Òdogbolú ni a óò tẹ́ wọn sí lónìí, nítòsí àwọn òbí wọn.

Wọ́n fi aya wọn Rónkẹ́ sáyé lọ, ẹni tó jẹ́ gbogbo ìjọ wọn fún ọdún mẹ́rin. Pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Ìtẹ́olúwa, Ìyanuolúwa àti Ìmísíolúwa. Ọmọ-ọmọ méjì, Motọ́lání àti Adébánjọ. Àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ní aago méje òwúrọ̀, Màmá gbé àga síwájú tábìlì ìdáná, wọ́n gbé fóònù síbẹ̀, wọ́n sì jókòó tì í títí aago mẹ́jọ fi lù.

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Kí Olúwa tí ẹ ń ṣílẹ̀kùn dè má ṣe ti tirẹ̀ mọ́ yín. Àmín.