Wọ́n Ní Mò Ń Wọn Ilẹ̀

Àtìní, 3 Nòfẹ́ńbà 2025

Ìwé, má bínú. Ọwọ́ mi ò dáa, ọ̀rọ̀ mi sì ń falẹ̀ bí ìgbín. Kíláàsì kejì ní girama ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Mo ṣì ń tijú wọn.

Bàrákátù lorúkọ mi. Ọmọ Ìfọ́n. Oṣù tó kọjá ni wọ́n gbé mi wá sílé ọkọ ní Ìlobù. Jàlálù lọkọ mi, iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe. Mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ báyẹn lẹ́nu o, inú ìwé nìkan ni mo ti láyà.

Mò ń gbá gọ́ọ̀fù. Láti kékeré. Bàbá mi ń gé koríko ní pápá gọ́ọ̀fù kan l'Óṣogbo, ibẹ̀ ni Kóòṣì Olúbùnmi, obìnrin tó ń kọ́ wa, ti fi ọ̀pá lé mi lọ́wọ́. Mo gba ife àwọn ọmọdé n'Íbàdàn. Mo tún gbà á l'Ékòó, pẹ̀lú híjáábù, pẹ̀lú bàtà tó tóbi jù mí lọ.

Kóòṣì pè lónìí. Ìdánwò wà l'Ábújá lópin oṣù yìí. Obìnrin mẹ́fà tó bá ṣíwájú á gba káàdì, wọn á wọ ìdíje ńlá, èyí tí àwọn tó ń jẹun nídìí gọ́ọ̀fù ń gbá káàkiri Áfíríkà. Ohun tí mo ti ń retí láti ọmọdé nìyẹn. 

Àtàláátà, 4 Nòfẹ́ńbà

Òṣogbo jìnnà fún ìyàwó tuntun. Ìyá ọkọ mi ò fẹ́ kí n máa jáde lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí pápá! Ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́yìn ìlú, lápá ọ̀nà Ìfọ́n. Ìjà ilẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n ti lé gbogbo àgbẹ̀ kúrò níbẹ̀, màlúù ló ń jẹ koríko ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ta ló mọ koríko gé bíi màlúù?

Mo fi ẹsẹ̀ ka ọ̀nà, mo gún igi kéékèèké mọ́lẹ̀, mo so aṣọ pupa mọ́ wọn, kí n lè mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń jìnnà sí. Mo gbá ti àkọ́kọ́, ó dún pàá! Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ.

Àlàrùbá, 5 Nòfẹ́ńbà

Pàá, pàá, pàá. Ọwọ́ ti bó. Inú mi dùn.

Jímọ̀, 7 Nòfẹ́ńbà

Wàhálà. Lẹ́yìn ìrun, Bàbá Gogoro ránṣẹ́ pè wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni, olórí ilé wa. Nítorí fìlà rẹ̀ ni mo ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀, láàárín èmi àti ìwọ nìkan.

Wọ́n ti fa igi mi tu, wọ́n tò wọ́n síwájú wọn bí ẹrù olè. Bàbá ní, "Jàlálù, ìyàwó rẹ ń wọn ilẹ̀ wa fún àwọn baba ẹ̀." Jàlálù dọ̀bálẹ̀, ó ní eré ìdárayá ni, Bàbá. "Eré? Ta ní í fi èèkàn ṣeré lórí ilẹ̀ ìjà? Awọnlẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fún ọ, kì í ṣe ìyàwó!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀.  Ẹkún nìkan ló jáde.

Sátidé, 8 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́.

Sọ́ńdè, 9 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ kí bàbá mi ní Ìfọ́n. Èrò mi ni pé n ó máa gbá láti apá tiwọn. Mi ò tíì jókòó tí Ìyá Mùtíátù, aládùúgbò wa, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Bàràká, wọ́n ní ọkọ ẹ rán ẹ wá wọn ilẹ̀ wa fún àwọn ará Ìlobù. Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́!"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Níbí, amí Ìfọ́n. Lọ́hùn-ún, amí Ìlobù. Ibo ni kí n wá gbé?

Àlàrùbá, 12 Nòfẹ́ńbà

Ẹ̀yìn ilé ni mo ń gbá sí. Mo ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí okùn, mò ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Ìyá ọkọ mi wò mí títí: "Ìyàwó, kí ni bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn jẹ ọ́ tó o fi ń nà án báyìí?" Ilé rín. Èmi náà rín.

Kóòṣì ò rín nígbà tí mo sọ fún un lórí fóònù. Ó ní bí mi ò bá rí ibi tí bọ́ọ̀lù mi ń bọ́ sí, kí n má wulẹ̀ dààmú wá. Jàlálù ní kí n fi í di ọdún tó ń bọ̀, ìdánwò ò ní tán láyé. Mo wò ó lójú. Mi ò wò ó lójú báyẹn rí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní dúró.

Ó dìde. Lẹ́yìn náà ó mú Orogún — ọ̀pá mi tó gùn jù, òun ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó ní òun àti ọ̀pá náà ni wọ́n jọ fẹ́ mi — ó nù ún mọ́ tónítóní, ó gbé e fún mi.

Jímọ̀, 14 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ. Èmi tí mi ò lè béèrè iyọ̀ nínú ilé yìí! Bàbá Gogoro àtàwọn àgbà wà níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ wá wò mí. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n, kí ẹ gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ mi." Wọ́n wo ara wọn. Bàbá dé fìlà. Wọ́n bá mi lọ sórí ilẹ̀ náà.

Mo gbá a. Ó ròkè, ó kéré bí ẹyin àdàbà, ó lọ bọ́ sí òdìkejì ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó jẹ́ ààlà, lápá Ìfọ́n.  Bàbá ní, "Ó ti dọwọ́ wọn." Ẹnu mi kàn là: "Bàbá, ilẹ̀ lẹ̀ ń jà sí. Bọ́ọ̀lù, tèmi ni." Mo kọjá. Mo mú un. Mo padà.

Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Èyí lẹ ní ó ń tijú?" Ẹ̀rín sọ.

Ìdájọ́ wọn: kí n máa gbá. Kò séèkàn. Kò sí fífi ẹsẹ̀ kà. Bọ́ọ̀lù tó bá sì tún kọjá ọ̀nà yẹn, kí n gbàgbé rẹ̀, kí n má dá ogun sílẹ̀. Mo ní ẹ ṣé, Bàbá. Nínú mi lọ́hùn-ún: ó dáa, ẹ ó rí i.

Àtàláátà, 18 Nòfẹ́ńbà

Bọ́ọ̀lù ti ń kọjá, mi ò sì lè mú un. Inú ń bí mi. Ojú ni mo fi ń wọn jíjìn báyìí. Kí wọ́n wá fà á tu.

Sátidé, 22 Nòfẹ́ńbà

Ọ̀kan ò kọjá lónìí! Wọ́n ń bọ́ wẹ́rẹ́ sétí ọ̀nà, wọ́n ń dúró bí ọmọ tí wọ́n kìlọ̀ fún. Ìyá ọkọ mi gbé omi wá.  Ó jókòó sórí òkúta, ó ń wò. Nígbà tó yá: "Gbá òmíràn."

Àlàmísì, 27 Nòfẹ́ńbà. Àbújá

Ọjọ́ kìn-ín-ní. Mo gbá ìgbákugbà. L'Óṣogbo, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi epo ọkọ̀ pò ló yí ihò tí à ń gbá bọ́ọ̀lù sí ká. Koríko ni ti ibí, ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Obìnrin kan tó ní ẹ̀rọ tí ń wọn jíjìn bi mí pé tèmi dà. Mo ní ojú mi. Ó rẹ́rìn-ín. Kó máa rín.

Jímọ̀, 28 Nòfẹ́ńbà

Ó sàn. Ipò kẹsàn-án. Jàlálù pè láti ilé, ó ní kí n bá òun kí Orogún.

Sátidé, 29 Nòfẹ́ńbà

Mo gbà á! Ìwé, MO GBÀ Á! Ipò kẹfà. Ihò ìkẹyìn, omi wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn yòókù ń sá fún omi, wọ́n ń gbá a ní kúkúrú. Èmi? Ẹ̀bá ààlà ni mò ń gbé. Mo gbá a ròkè fíofío, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó dúró síbẹ̀. Kóòṣì sunkún. Èmi ò sunkún. Oṣù kejì, Kẹ́ńyà, ìdíje ńlá.

Jàlálù pè, ẹ̀rín ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó ní ìjà tuntun ti dé. Bàbá Gogoro ní ọmọ Ìlobù gba káàdì, ìyàwó ilé àwọn. Ìyá Mùtíátù ní irọ́ ńlá, Ìfọ́n ni wọ́n bí mi sí. Ìlú méjèèjì tó pè mí lámí ló ń dù mí báyìí! Jàlálù ní kí n fọgbọ́n sọ̀rọ̀, apá kan á bínú. Kí wọ́n bínú. Nígbà tí mò ń wá ibi tí n ó gbá bọ́ọ̀lù sí, ta ló ní tòun ni mí?

Wọ́n fẹ́ máa pè wá síta báyìí, kí kálukú sọ orúkọ àti ìlú rẹ̀ sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kóòṣì ní ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo máa sọ, mi ò sì ní rẹ ohùn sílẹ̀. Mo máa ní, èmi Bàrákátù, ọmọ Ìfọ́n, ìyàwó Ìlobù — Kóòṣì ń pariwo, ó ní èmi ló kàn, mò ń bọ̀ mà, ìwé, jẹ́ kí n