Abẹ́rẹ́ Tí N Kò Gbà

Bàbá mi, ẹni tí mo fi ojú jọ,

Hamdalaye, àdúgbò wa, ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀. Èmi ni n kò rí bí ẹ ṣe fi mí sílẹ̀ mọ́.

Ó ti tó ọdún kan tí agbára mi ti ń dín kù. Ẹ rántí pé èmi nìkan ni mo máa ń gbé táyà ọkọ̀ ńlá ní Kossodo, níbi tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Báyìí, tí mo bá gbé ẹyọ kan, mo gbọ́dọ̀ jókòó sinmi. Oorun ń kùn mí lọ́sàn-án gangan. Ẹ má bínú pé mò ń sọ èyí létí yín: ìfẹ́ obìnrin kúrò lára mi pátápátá. Mo wá ń sá fún Awa ìyàwó mi nínú ilé tí a jọ ń gbé.

Sàlífù tí a jọ ń ṣiṣẹ́ mú ìgò abẹ́rẹ́ kékeré kan wá fún mi. Họ́móònù ọkùnrin ló wà nínú rẹ̀.

“Ẹ gún un, ọ̀gá mi. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ara yín á jí.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí irinṣẹ́ mi, tí mò ń wò ó. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo gun alùpùpù mi, mo gbé e lọ bá dókítà.

Obìnrin ni dókítà náà. Ó gba ẹ̀jẹ̀ mi ní àárọ̀ ọjọ́ méjì. Òótọ́ ni, họ́móònù náà ti lọ sílẹ̀ lára mi. Ara tù mí díẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni mo yà. Kó tó kọ oògùn kankan, ó bi mí ní ìbéèrè méjì. Ṣé mo ṣì fẹ́ bímọ? Nítorí irú abẹ́rẹ́ yìí lè dí ọkùnrin lọ́wọ́ láti bímọ. Àti pé, àìsàn wo ló pa bàbá mi? Ó ní àwọn àìsàn kan wà tó ń tẹ̀lé ìdílé, tí abẹ́rẹ́ yìí lè mú burú sí i.

N kò mọ̀, Bàbá. Èmi tí mo wẹ̀ yín, tí mo sin yín, n kò mọ ohun tó pa yín.

Mo lọ bá Ìyá. Mo bi wọ́n léèrè ohun tó pa yín.

“Ọdún mẹ́ta ni bàbá yín ò fi lè tọ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n máa fi gbà láti lọ sí ọsibítù, jẹjẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àpò ìtọ̀ ti dé egungun. Wọ́n ní bí mo bá sọ fún ẹ̀yin ọmọ, àwọn ò ní dárí jì mí.”

Ìgbà yẹn ni mo rántí bí ẹ ṣe máa ń jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbikíbi tí a bá lọ. A rò pé ẹ kò fẹ́ràn ariwo ni, àṣé kí ẹ lè tètè jáde lọ tọ̀ ni. Kí lẹ ń bẹ̀rù, Bàbá? Ṣé ẹ rò pé ọ̀wọ̀ yín máa dín kù lójú wa ni? Kí ló dé tí èmi náà kò bi yín léèrè?

Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti Awa, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bú sẹ́kún.

“Mo ti di ẹrù mi, Bàbá Alima. Mo rò pé ẹ ti ní obìnrin mìíràn ní Pissy ni.”

Mo bi í nípa ọmọ. Kò tilẹ̀ ronú.

“Mo ṣì fẹ́ ọ̀kan sí i. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà wà láàyè láti tọ́ ọ.”

Nítorí náà, n kò gba abẹ́rẹ́ náà. Dókítà ní ìtọ́jú mìíràn wà tí kò ní dí wa lọ́wọ́ ọmọ, ó kàn máa ń pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ ni. Bó bá pẹ́, kó pẹ́. Wọ́n ti yẹ prostate mi wò pẹ̀lú, ìyẹn ibi tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin tí jẹjẹrẹ yín ti bẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lọ́dọọdún ni màá máa padà lọ. Bí a bá bí ọmọ náà tán tí ara mi ò tíì mókun, èmi àti Awa yóò tún jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Lánàá, mo pe Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìlú Bobo. Mo sọ ohun tó pa yín fún wọn, mo ní kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Wọ́n pa fóònù mọ́ mi létí. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n jọ. Màá tún pè wọ́n lọ́la. Bí wọ́n bá tún pa á, màá wọ ọkọ̀ lọ sí Bobo.

Èmi ọmọ yín, tí n kò bínú sí yín, tí mo ṣì fẹ́ràn yín gidigidi.