Orí Fífọ́ Tí Màámi Fi Sílẹ̀ Fún Mi

Mowe,
Ọ̀sán Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Mùtíù,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ifo níbẹ̀? Ìyàwó yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà. Ẹ máa ní kí ló dé tí Fàsílátù ò pè. Bí mo bá pè, ẹkún lẹ máa gbọ́, ẹ ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ rántí ọjọ́ tí a pín ẹrù Màámi lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́. Ìyàwó yín mú léèsì, èmi mú gíláàsì ojú wọn, ẹ sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú ogún wo nìyẹn. Mo ní télọ̀ nílò ojú. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òórùn ìpara wọn ṣì wà lára rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti ń fi í ránṣọ ni orí ti ń fọ́ mi, àgàgà níwájú orí àti ẹ̀bátí. Mo kọ́kọ́ rò pé ooru páànù ṣọ́ọ̀bù ni. Mo tún ní ebi ni, nítorí ẹ mọ̀ mí, bíṣẹ́ bá ti wọ̀ mí lára, omi gan-an mi ò ní rántí mu. Mo wá ń jẹun lásìkò, mo ń mu omi, mo ń sùn dáadáa. Orí ò yé fọ́.

Ìgbà tó yá ni ẹ̀rù bà mí. Mo bá ara mi níwájú dígí, mo fi gèlè di orí le pinpin, bí Màámi ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru tó pa wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ojú wọn ni mo rí nínú dígí náà, kì í ṣe tèmi. Mo sọ fún onílé wa, Màmá Ọ̀ṣuntókun. Wọ́n ní, "Fàsílá, ìyá ẹ ló ń pè ẹ́. Má dá a lóhùn o." Láti ọjọ́ náà, bí orí bá ti bẹ̀rẹ̀, màá máa gbọ́ bí ẹni pé wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ ní pálọ̀. Mo ti ń ro ẹni tó máa tọ́ Nàfísàt ọmọ mi bí mo bá kú.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ibafo. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ mí wò, ó ní mi ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó bi mí nípa oorun, oúnjẹ àti ìrònú. Ó ní gèlè tí mo dì yẹn ti le jù, òun náà lè máa fa orí fífọ́. Ló bá gba gíláàsì, ó fi wo ògiri. Ó ní, "Àǹtí, ta ló fún yín ní eléyìí? Agbára ẹ̀ ju ohun tójú yín fẹ́ lọ. Ojú yín tó ń tiraka ló ń dá orí yín láàmú."

Mo bọ́ ọ, mo lọ ṣe gíláàsì tèmi. Orí ò fọ́ mi mọ́, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá mi, ilé wá dákẹ́. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan ní pálọ̀ mọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù tó ń bà mí ni ò jẹ́ kí àárò wọn sọ mí. Ó ti wá ń sọ mí báyìí, ó sì pọ̀ ju orí fífọ́ lọ.

Kí Ọlọ́run fi alijáńnà kẹ́ Màámi. Kó dá yín sí fún wa, kó má jẹ́ kí àìsàn mọ ọ̀nà ilé yín.

Èmi ni àbúrò yín tó ń kúnlẹ̀ kí yín,
Fàsílátù.

Àfikún: Ẹ má bínú bí ìkọ̀wé mi bá rí wúruwùru. Gíláàsì Màámi ni mo fi kọ ọ́, orí sì ti bẹ̀rẹ̀.