Ẹja Pupa àti Ààrò Ìyá Mi

Ajé, 3 avril 1967
Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: kùrukùru lórí òkè. Adìẹ Ìyá Ẹ̀ta, aládùúgbò wa, lórí ògiri wa — bí ìṣe rẹ̀. Ẹja pupa mi lábẹ́ òkúta rẹ̀, nínú àpótí dígí. Bàtà obìnrin lẹ́nu ọ̀nà yàrá Bàbá. Èéfín lẹ́yìnkùlé.

Orí ààrò Ìyá mi ni èéfín náà ti ń jáde. Kò sẹ́ni tó dáná níbẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Èmi pàápàá, ìdáná èédú ni mò ń lò. Blandine ló bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, tó ń fẹ́ná. Ìyàwó tuntun Bàbá, ará Kèrè, àná ló wọlé. Aláṣọ Búlúù ni màá máa pè é níhìn-ín.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Akọ̀wé." Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ó ti wá ìnagijẹ tèmi rí kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo da omi sí iná náà.

Ìṣẹ́gun, 4 avril
Ìyá Ẹ̀ta gbọ́, ó wá bá mi. "Kí ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe fún ọ? Nílé yín, ta ló ń hú ààrò olóògbé, tó ń tún un tò síbòmíràn? Ṣebí ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Ọdún ti yí lórí ikú rẹ̀. Ìyàwó rò pé o ti ṣe é ni."

Òótọ́ ni. Mo ń sọ pé ọ̀la, ọ̀la.

Bàbá kò pariwo. Ó ní: "Valentine, ilé kan ni mo ní. Mo fún yín di ọjọ́ Àìkú. Bí ẹ ò bá lè jọ gbé e, ìwọ ni wàá lọ bá Àǹtí rẹ ní Kútọnu."

Àpótí dígí ò ṣeé gbé wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ọjọ́rú, 5 avril
Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ lónìí. Àfi adìẹ.

Ọjọ́bọ̀, 6 avril
Madame Isabelle, tó kọ́ wa ní sciences, ló fi àpótí náà sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń padà sí Faransé. Ẹja méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan kú nígbà ọyẹ́. Pupa ti ń dá gbé láti ìgbà náà. Ó ń gbẹ́ iyanrìn lábẹ́ òkúta rẹ̀, ó ń dúró lẹ́nu ihò. Ta ló ń retí?

Mo lọ sọ́jà. Bàṣírù ẹlẹ́ja ní ààyè ẹja nínú garawa, láti odò Wẹ̀mẹ̀. Mo ní mo fẹ́ èyí tó lè bá tèmi gbé. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ, ẹja ọbẹ̀ ni mò ń tà. Èmi kì í ṣe alárinà!"

Mo wo inú garawa títí. Pupa mìíràn — rárá, bó bá jẹ́ akọ méjì, wọ́n á pa ara wọn. Ẹlẹ́nu gígùn, alámì dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ — ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Mo mú èpìyà kan, tó fi díẹ̀ ju Pupa lọ. Onísùúrù. Ewé omi ló ń jẹ.

Ẹtì, 7 avril
Pupa ti fa ìrù èpìyà ya. Èpìyà wà ní kọ̀rọ̀, orí mọ́ dígí. Mo sì fara balẹ̀ yàn án o.

Aláṣọ Búlúù dúró lẹ́yìn mi, ó ń wò. "Onílé líle nìyí! Ẹja tó ń lé àlejò." Ó lọ. Ó ń dúró kí n lo ìdáná èédú tán kó tó débẹ̀. Ìgbà mìíràn, èédú ti kú. Ó ń jẹun tútù.

Àbámẹ́ta, 8 avril
Èpìyà ò jẹun. Èmi náà.

Àìkú, 9 avril
Lẹ́yìn Máàsì, mo kó ẹja méjèèjì sínú bàsíà kí n lè pààrọ̀ omi. Mo múra láti yà wọ́n. Wọn ò jà. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n dúró sí, nínú bàsíà funfun, láìsí òkúta kankan. Mo jókòó tì wọ́n títí.

Òkúta rẹ̀ ni Pupa ń jà fún. Kò bínú èpìyà.

Mo fọ gbogbo òkúta, mo tò wọ́n lọ́nà mìíràn. Mo da àwọn méjèèjì padà sínú àpótí lẹ́ẹ̀kan náà. Pupa wá ilé rẹ̀, kò rí i. Ó ń yí kiri bí àlejò. Èpìyà náà ń yí kiri.

Nírọ̀lẹ́, mo mú ọkọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Mo hú òkúta ààrò kìíní. Aláṣọ Búlúù — Blandine — yọ sí mi. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán. "Akọ̀wé. Ṣé kí n bá yín gbé ìkejì?"

Mo ní kó wá. Ó wúwo. Ìyá mi nìkan ló gbé e wá láti ẹsẹ̀ òkè.

Ó ní, "Ṣé síbí?"

Mo ní, "Rárá. Ẹ sún un. Atẹ́gùn á gbé èéfín wọ yàrá."

Abẹ́ igi máńgòrò la tò wọ́n sí. A dáná. Atẹ́gùn yí padà, èéfín bò wá. Ó húkọ́, mo húkọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀nà atẹ́gùn!" Mo ti rẹ́rìn-ín kí n tó rántí pé mi ò fẹ́.

Iyán gbígbóná. Bàbá jẹ tirẹ̀ tán, kò mẹ́nu kan Kútọnu.

Mo gbé àtùpà lọ wo ibi tí ààrò wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì dúdú, roboto. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Mo dúró díẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, òjò àkọ́rọ̀ ti ń kán sórí páànù. Mo dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀.