Máàkì Tí Mo Fún Trevion

Ìyáàfin Verlene, olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ohùn tí kì í há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, níbí ní Texas.

Méjì nínú àwọn tí mo kọ́ ní ìṣirò yìnbọn lu èèyàn lọ́dún yìí. Trevion, ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù, yìnbọn sí ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ nílé epo. Delmar tó ń jó irin ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níwájú ilé rẹ̀. Oníkálukú wọn ló ní òun ń gba ara òun là ni. Trevion sùn sílé lọ́jọ́ náà; Delmar ti lo oṣù mẹ́rin látìmọ́lé.

Mo bi ọ̀gá ọlọ́pàá léèrè. Ó gbáyà sókè: "Tíṣà, òfin ò mojú ẹnikẹ́ni o!"

"Òótọ́ ni, ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó mọ fọ́tò yà." Àwòrán òun àti Trevion, tẹ̀rín-tẹ̀rín, ló wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́yà Trevion wá ní kí n kọ̀wé sí adájọ́ pé ọmọlúàbí ni. Ìyá Delmar gbọ́, ó yọjú sí mi: "Tíṣà, tèmi ńkọ́? Àbí torí pé kò mọ bọ́ọ̀lù gbá?"

Níbí, ọmọ tí kò bá gba àádọ́rin nínú ìdánwò kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù iléèwé lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tí Trevion wà ní kíláàsì mi, ogójì ló gbà. Àádọ́rin ni mo kọ sílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Delmar gba mọ́kàndínláàádọ́rin. Mo ní kó tún kíláàsì náà ṣe.

Ẹ̀yin olùgbọ́, mo ti fura sí gbogbo ìlú tán. Ṣé kí n kọ̀wé fún àwọn méjèèjì ni, àbí kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi?