Màmá Mọ́pẹ́lọ́lá Oyèbánjí, ẹni tí kò fẹ́ kí a dúró de òun

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1950 ni a bí Màmá wa ní Òkèhò, sí ilé Pa Adéyọmí alágbẹ̀dẹ. Àwọn ni àkọ́bí. Ẹ̀yìn wọn ni àbúrò wọn kan ṣoṣo, Bàbá Adélékan, dàgbà sí, nítorí ìyá wọn kò pẹ́ láyé.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ní Ṣakí. Ní ọdún 1976, wọ́n fẹ́ bàbá wa, Olóògbé Fẹ́mi Oyèbánjí, tí ó jẹ́ tíṣà. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún wọn, Jídé àti Tòún.

Ọdún 1998 ni gbogbo wa dé Dublin ní Ireland, tí a sì ń gbé ní Huntstown. Bọ́ọ̀sì méjì ni Màmá ń wọ̀ lọ sí ilé àwọn arúgbó ní Phibsborough, níbi tí wọ́n ti ń wẹ ìyá oníyàá, tí wọ́n sì ń tẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ Àìkú, àwọn ni wọ́n ń to àga sílẹ̀ ní ìjọ wa, nínú ilé ìkẹ́rùsí ní Ballycoolin.

Ní ọdún 2002, bàbá wa kú lójijì. Ọ̀sẹ̀ méje ni òkú wọn fi wà nílé ìgbókùúsí, tí a ń dúró de ìwé kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ sílé ní Nàìjíríà, Màmá kò lè bá wọn lọ, nítorí ìwé ìrìnnà wọn ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Orí fóònù ni wọ́n ti gbọ́ bí erùpẹ̀ ṣe ń bọ́ lu pósí ọkọ wọn. Wọn kò sunkún. Wọ́n lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn ọdún kan, ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń tọ́jú kú. Òun ló ti ní kí wọ́n fi iná sun òkú òun. Màmá tẹ̀ lé e dé Glasnevin, níbi tí wọ́n ti ń sun òkú. Ẹ̀rù bà wọ́n kí wọ́n tó lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Nígbà tí àìsàn wọn le ní ọdún 2006, wọ́n pe àwa ọmọ wọn, wọ́n ní: “Ẹ sun mí níná. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dúró dè mí.” Wọ́n fi wá sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá.

Bàbá Adélékan kò gbà. Wọ́n ní olè ni wọ́n ń sun níná nílẹ̀ wa, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n àwọn. Ọjọ́ márùn-ún ni wọn kò fi gbé fóònù wa. Tòún, tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn láti kékeré, ń pè wọ́n ní àràárọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n gbé e. Tòún sọ ọ́ ní Yorùbá, pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti rẹ Mọ́mì.”

Bàbá wá rọ̀. Wọ́n ní: “Ẹ gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá fún mi. Ohun tí à ń ṣe fún ẹni tó bá kú sí ìrìn àjò nìyẹn. Màá sin ín bó ṣe yẹ.”

Tòún ló gé e, kí a tó sun Màmá ní Glasnevin bí wọ́n ṣe fẹ́. Jídé yóò gbé e lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá Adélékan ti gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Wọ́n ní fúnra àwọn làwọn gbẹ́ ẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra òdòdó. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ́ Màmá sí, kó lọ jókòó ti arúgbó kan.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni Jídé àti Tòún, ọmọ, Adéwẹ̀mímọ́, ọmọọmọ, àti Bàbá Adélékan, àbúrò.

Màmá wa, ẹ máa rọra lọ. Kí ilẹ̀ méjèèjì tó gbà yín, ti Dublin àti ti ilé, tù yín lára.